Ǹjẹ́ ó bófin mu, ó sì tọ́, láti fi ẹja ìdárayá ṣe ìdẹ láàyè?

Ìwọ̀Tuntun béèrè:

Ẹ̀yin àgbà apẹja, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan di àríyànjiyàn láàárín èmi àti àwọn tí a jọ ń fi ìwọ̀ pẹja, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Ọ̀kan nínú wa máa ń mú ọmọ bass tàbí bluegill, ẹja inú omi tí kò níyọ̀ ni méjèèjì, tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, yóò fi ìwọ̀ ńlá kọ́ ọ lẹ́yìn láàyè, yóò sì jù ú padà sínú omi kí àgbà bass tàbí pike, ẹja ńlá tí ń jẹ ẹja mìíràn, lè wá gbé e mì. Àwíjàre rẹ̀ ni pé ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bi í, àti pé ọmọ bass tí kò tíì gùn tó ìwọ̀n tí òfin là kalẹ̀, dídá ni òun yóò dá a padà sínú omi tẹ́lẹ̀, òun kò sì rí ohun tí ó burú nínú kí òun dá a padà pẹ̀lú ìwọ̀ lẹ́yìn. Ẹnì kejì fàáké kọ́rí pé olè ni ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹja ìdárayá, ìyẹn ẹja tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń fi ọ̀pá àti ìwọ̀ pẹja, tí ó sì fi òfin ìwọ̀n àti iye dáàbò bò, kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe ìdẹ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí òfin dúró sí, àti pé bí òfin ibìkan bá tilẹ̀ fàyè gbà á, ṣé ó yẹ ọmọlúàbí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lásán dá mi lóhùn; ìdí rẹ̀ ni mò ń wá.

Alábòójútó-Odò fèsì:

Òfin ni n ó mú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ apẹja ti ń ṣìnà láìmọ̀. Kò sí òfin kan ṣoṣo tí ó kárí ayé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin ìpẹja tirẹ̀, àtòjọ ẹja ìdárayá wọn kò sì bára mu. Ẹ wo Texas: òfin ibẹ̀ kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi ẹja ìdárayá tàbí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe ìdẹ, bass sì wà lórí àtòjọ náà, ṣùgbọ́n bluegill kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó fi bluegill ṣe ìdẹ ní Texas kò rú òfin yìí, ẹni tí ó jókòó tì í tí ó ń fi ọmọ bass ṣe é ti rú u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kan náà ni wọ́n jọ mú ẹja wọn nínú rẹ̀. Bí a bá dé ìpínlẹ̀ tí ó ka bluegill mọ́ ẹja ìdárayá, ọ̀rọ̀ tún yí padà.

Àwọn ibòmíràn kò tilẹ̀ wo irú ẹja rárá. Nínú omi tí kò níyọ̀ ní British Columbia ní Kánádà, àti ní Oregon, ẹja ààyè kankan kò gbọdọ̀ di ìdẹ, yálà ẹja ìdárayá ni tàbí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ireland, àti ní Scotland, níbi tí òfin 2007 ti fòpin sí i. Ní England, òfin ṣì fàyè gbà á níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹja inú omi tí kò níyọ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ìdẹ, inú omi tí ẹ ti mú un gan-an ni ẹ gbọdọ̀ ti lò ó.

Ní ti àwíjàre ọmọ bass tí kò tó ìwọ̀n, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí òfin ìwọ̀n ń béèrè ni pé kí a dá ẹja náà padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó lómìnira láti lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ẹja tí ó wà lórí ìwọ̀ yín ṣì wà ní ìkáwọ́ yín, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà nínú garawa yín. Bí òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ omi bá dé, ẹja tí kò tó ìwọ̀n ni yóò bá lọ́wọ́ yín, kò sì ní bi yín bóyá ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ tàbí ẹ fẹ́ fi dẹ òmíràn. Níbi tí òfin bá sì ti dá iye tí ẹnì kan lè mú lóòjọ́, ẹ má rò pé èyí tí ẹ fi ṣe ìdẹ kò wọnú iye náà.

Ọ̀kan ṣì kù tí àwọn ènìyàn kì í rántí. Lacey Act, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti wà láti 1900, sọ ọ́ di ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ bí a bá gbé ẹja tí a mú lódì sí òfin ìpínlẹ̀ kan kọjá ẹnubodè ìpínlẹ̀ náà. Garawa ìdẹ kò kéré jù fún òfin yẹn.

AdágúnJíjìn fèsì:

Ọ̀gá wa Alábòójútó-Odò ti sọ ohun tí òfin wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó bí òfin náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa rò pé ìjọba kàn ń ni apẹja lára ni. Ẹ gbọ́ ìtàn Diamond Lake ní Oregon. Adágún tí trout, ẹja kan tí àwọn apẹja fẹ́ràn, kún inú rẹ̀ ni. Ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tui chub kò sí níbẹ̀ rí, àmọ́ ó dé ibẹ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn sì gbà ni pé inú garawa àwọn tí ń fi ẹja ààyè dẹ ìwọ̀ ni ó ti wá. Ó bí, ó rẹ̀, ó jẹ oúnjẹ tí ó yẹ kí trout jẹ, títí ìpẹja ibẹ̀ fi bàjẹ́. Ní 1954 wọ́n da oògùn rotenone sí gbogbo adágún náà, wọ́n pa gbogbo ẹja inú rẹ̀, wọ́n sì kó trout tuntun sí i. Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún sí i kí tui chub tó tún yọjú, ní 1992. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe trout nìkan ni ó jìyà: nítorí pé chub ti jẹ àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ń jẹ ewé omi tán, ewé omi olóró gba ojú adágún kan, ó sì di pé wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má wẹ̀ níbẹ̀. Ní 2006 wọ́n tún da rotenone sí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé tui chub kì í ṣe ẹja ìdárayá. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àríyànjiyàn yín gba ẹ̀gbẹ́ ibi kan kọjá. Bóyá ẹja náà wà lórí àtòjọ tàbí kò sí níbẹ̀ ṣe pàtàkì fún adájọ́. Ní ti omi, ìbéèrè tí ó ṣe kókó ni ibi tí ẹja náà ti wá. Ní England, àwọn tí ń dẹ pike ni wọ́n fura sí pé wọ́n gbé ruffe, ẹja kékeré kan, dé Bassenthwaite Lake, ruffe sì ń jẹ ẹyin vendace, ẹja kan tí adágún méjì péré, Bassenthwaite àti Derwentwater, jẹ́ ilé àbínibí rẹ̀ ní gbogbo England. Ní báyìí, ní adágún méjèèjì, ẹja inú omi tí kò níyọ̀ kò gbọdọ̀ di ìdẹ mọ́, ì báà jẹ́ ààyè, ì báà jẹ́ òkú.

Ọ̀rọ̀ àrùn tún wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí 2005 sí 2006, àrùn VHS, tí ó ń mú kí ẹja máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú, pa ẹja lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àwọn Adágún Ńlá tí ó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Kò ran ènìyàn, ṣùgbọ́n kò mọ ẹja ìdárayá yàtọ̀ sí ẹja lásán. Ní oṣù kẹwàá 2006, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi àṣẹ dí kíkó ẹja ààyè jáde láti àwọn ìpínlẹ̀ agbègbè náà lọ́nà. Kòkòrò àrùn lè wà lára ẹja tí ara rẹ̀ ń dán, ó sì lè wà nínú omi garawa nìkan. Ojú gan-an sì ń tan ènìyàn jẹ: ọmọ silver carp, tí ó ti ba ọ̀pọ̀ odò Amẹ́ríkà jẹ́, jọ ọmọ gizzard shad tí apẹja fi ń ṣe ìdẹ débi pé ẹni tí ó mọ ẹja dáadáa pàápàá lè ṣi ọ̀kan gbé.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, bluegill tí ọ̀rẹ́ yín mú nínú adágún kan tí ó sì lò nínú adágún kan náà, níbi tí òfin ti gbà á, kò yọ mí lẹ́nu. Ẹja olówó pọ́ọ́kú tí ẹnìkan rà ní ibòmíràn tí ó wakọ̀ gbé wá, èyí tí kò sí ẹni tí ń bá a jà lé lórí, ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Ọ̀páGígùn fèsì:

Ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹja fúnra rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ̀Tuntun béèrè bóyá ó yẹ ọmọlúàbí, ẹ jẹ́ kí a dá a lóhùn.

Pé ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò gbe ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹja tí pike ń lé ní àyè láti sá, láti fara pamọ́ sábẹ́ ewé, bí ọwọ́ bá sì tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú àáyá ni ikú rẹ̀. Èyí tí a fi irin gún lẹ́yìn tí a sì so mọ́ okùn ni a ti gba ìsá lọ́wọ́ rẹ̀; ìjàkadì rẹ̀ gan-an ni a fi ń pe ẹja ńlá, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìsí ẹja tí ó gbé e. Àwa ni a ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pike kọ́.

Ṣé ẹja ń mọ ìrora? Ní 2003, Lynne Sneddon àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí trout: wọ́n rí i pé àwọn iṣan tí ń gbọ́ ohun tí ń pa ara lára wà ní ojú àti ètè rẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún un ní oró oyin tàbí omi kíkan sí ètè, ó pẹ́ gan-an kí ó tó padà jẹun, àwọn kan sì ń fi ètè ra òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ omi. James Rose, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mìíràn, àti àwọn kan kò gbà. Wọ́n ní ẹja kò ní apá ọpọlọ tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun ń jẹ̀rora, nítorí náà ohun tí a rí kì í ṣe ìrora bí tiwa. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹni tí ó fẹ́ fi irin gún ẹ̀dá lára ni mo rò pé ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú tí àwọn ará Jámánì fi wò ó nìyẹn: òfin wọn kò fàyè gba kí a fi ìrora jẹ ẹranko láìsí ìdí tí ó mọ́gbọ́n dání, wọ́n sì ka lílo ẹja ààyè ṣe ìdẹ mọ́ ọn. Switzerland náà kà á léèwọ̀, àmọ́ wọ́n yọ̀ǹda àwọn omi kan tí ewé tàbí ohun ìdènà kún débi pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè fi mú àwọn ẹja apẹranjẹ ibẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyọ̀ǹda yẹn, nítorí ó fi hàn pé wọ́n bi ara wọn bóyá ó pọn dandan.

Fún pike, kò pọn dandan. Òkú mackerel tàbí òkú herring láti inú òkun ń mú pike dáadáa, òórùn wọn ni ó ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí sì kan ẹja kékeré tí wọ́n ń sìn fún ìdẹ bákan náà. Bí ó bá jẹ́ ìrora ni ó ń dun ẹnìkejì ọ̀rẹ́ yín, kò lè máa bá ọmọ bass kẹ́dùn kí ó sì máa ra garawa ẹja wẹ́wẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e.

Ìwọ̀Tuntun:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀páGígùn, gbólóhùn yín tí ó gbẹ̀yìn yẹn yóò dun ẹnìkejì wa, nítorí ó ń ra garawa ẹja wẹ́wẹ́ náà lóòótọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: àwọn tí ń pẹja lójú òkun ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹja tuna odindi ni wọ́n fi ń dẹ marlin, ẹja òkun ńlá nì.

Ẹlẹ́jaÒkun fèsì:

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tuna ni. Wọn kì í sábà fi ìwọ̀ gún ara rẹ̀; wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gba òwú kọjá níwájú ihò ojú rẹ̀, wọ́n á so ìwọ̀ mọ́ òwú náà lókè orí, kí ó lè lúwẹ̀ẹ́ pẹ́. Tuna jẹ́ ẹja ìdárayá tí àwọn mìíràn ń ná owó ńlá láti lọ mú, síbẹ̀ ẹ kò ní rí ẹni tí yóò bínú sí èyí lójú òkun, nítorí pé kò sí ẹni tí ń gbé ẹja láti inú òkun kan lọ dà sínú òmíràn nínú garawa. Èyí gbe ohun tí AdágúnJíjìn sọ lẹ́yìn. Ohun tí Ọ̀páGígùn sọ ṣì dúró níbẹ̀ o, n kò ní ìdáhùn sí i.

Òfin ìwọ̀n kò parẹ́ lójú òkun. International Game Fish Association, àjọ tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹja tí ó tóbi jù lọ láti 1939, kì í gba ẹja tí a fi ìdẹ tí kò bófin mu láti ní lọ́wọ́ mú, yálà nítorí irú rẹ̀ tàbí nítorí ìwọ̀n rẹ̀. Marlin yín lè wúwo ju ti gbogbo ayé lọ; bí tuna tí ẹ fi dẹ ẹ́ bá kúrú ju ohun tí òfin omi yẹn là sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kọ orúkọ yín.

Alábòójútó-Odò:

Kí Ìwọ̀Tuntun tó lọ: èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú garawa lẹ́yìn ìpẹja, bí inú omi yẹn kọ́ ni ẹ ti mú un, ẹ má dà á sínú omi, ẹ má sì da omi garawa síbẹ̀. Ẹ pa ẹja náà, ẹ sọ ọ́ sínú ibi tí a ń kó ìdọ̀tí sí, kí ẹ sì da omi garawa sórí ilẹ̀ gbígbẹ, jìnnà sí etí odò.