Kí nìdí tí Balewa fi yára kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962, tó sì dákẹ́ ní 1965?

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kúulé o. Mò ń kàwé nípa Tafawa Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà tí a gbòmìnira. Bí Ahmadu Bello, Sardauna, bá jẹ́ olórí NPC, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ará Àríwá, báwo ni Balewa tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ṣe wá ń ṣe olórí ìjọba? Ẹ̀ẹ̀kejì, bàbá mi ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni Balewa. Bàbá bàbá mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Láńre:
Kàdúná wu Sardauna ju Èkó lọ. Ó jókòó ti ìjọba Àríwá, ó ní kí Balewa máa ṣe ti ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó. Láti 1957 ni Balewa ti wà lórí àga náà. Nínú ìbò 1959, ìjókòó 134 ni NPC ní nínú 312, kò tó dá ìjọba ṣe, ni wọ́n bá fa NCNC, ẹgbẹ́ tó lágbára ní Ìlà-Oòrùn, mọ́ra. Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ Action Group, wá di olórí alátakò.

Tíṣà Ìtàn:
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Tíṣà bíi tèmi ni Balewa, ilé ìwé ní Bauchi ló ti ń ṣe ọ̀gá kó tó bọ́ sínú òṣèlú.

Àmọ́ wo 1962. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, àwọn aṣòfin ju àga lura wọn nílé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn n'Íbàdàn, ọlọ́pàá sì fi tajútajú lé wọn jáde. Inú ilé ìgbìmọ̀ ni ìjà wà, ìlú ò jó. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 29, Balewa ti kéde ìjọba pàjáwìrì, ó fi Dókítà Majẹ́kódùnmí, mínísítà ètò ìlera rẹ̀, jẹ alábòójútó lé wa lórí. Nígbà tí 1963 wọlé, Akíntọ́lá padà sórí oyè olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láìdìbò.

Ìbò oṣù Kẹwàá 1965 ló wá dá Wẹ́tìẹ̀ sílẹ̀, rògbòdìyàn tí wọ́n ti ń dáná sun ilé àti èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Wọ́n da bẹntiróòlù sílé aládùúgbò wa tí wọ́n ní ó ń ṣe Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá. Ìyá mi fi ìró tútù bò wá nímú, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Títí ọdún fi parí la ń retí kí Èkó kéde pàjáwìrì. Wọn ò kéde ẹ̀. Dẹ́mọ̀ àti NPC ti wà nínú àjọṣe kan náà láti 1964. Ìjà àga gba pàjáwìrì, iná tó ń jó èèyàn ò gbà á. Ohun tó ń dun bàbá àgbà rẹ nìyẹn, ó sì ń dun èmi náà.

Ìyá Àrẹ̀mú:
Ẹ kú àlàyé, sà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ ka Balewa lórí. Ilé aṣòfin àpapọ̀ ló dìbò fún pàjáwìrì 1962, NCNC sì wà níbẹ̀. Ṣé ó sì lè ta ko Sardauna ní 1965?

Tíṣà Ìtàn:
Òótọ́ lẹ sọ, màmá. Òun náà ló ṣáà jókòó sórí àga. Ní oṣù Kìíní 1966, ó gba àwọn olórí orílẹ̀-èdè Commonwealth lálejò l'Ékòó lórí ọ̀rọ̀ Rodéṣíà (Zimbabwe òde òní), nígbà tí ọ̀nà tiwa ò ṣeé rìn. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ tí àwọn ṣọ́jà wá mú un lóru. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n rí òkú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò, ó pa rédíò náà, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọlọ́pẹ paraku, ọmọ ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ni bàbá mi o.