Até: bàbá ni, kì í ṣe "àbúrò bàbá"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ láàárín àwọn Lákótà, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ara àwọn tí òyìnbó ń pè ní Sioux. Ó dùn ún kà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ṣì ń kọ mí lóminú.

Ẹ ní ọmọ náà sáré tọ "àbúrò bàbá rẹ̀" lọ. Até lọmọ Lákótà máa pe ẹni yẹn, até náà ló sì ń pe bàbá tó bí i. Iná ni ìyá rẹ̀ (kì í ṣe iná tó ń jó o!), iná náà làwọn ọmọ ìyá ìyá rẹ̀ lóbìnrin. Lọ́dún 1879 ni wọ́n kó àwọn ọmọ láti Rosebud àti Pine Ridge, ibùdó àwọn Lákótà, lọ sí iléèwé Carlisle ní Pennsylvania, wọ́n gé irun wọn, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì lé wọn lẹ́nu. Inú Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni bàbá kan ti di àbúrò bàbá. Kí ló kàn wá níbẹ̀, àwa tí ọmọ wa ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní bàbá láìronú? Ẹ kọ "bàbá". Tó bá fẹ́ rújú, ẹ fi "kékeré" tì í.

Lekší ló le. Arákùnrin ìyá ni, kì í sì í ṣe até rárá. Ọmọ até, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni ni. Ọmọ lekší ní orúkọ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹnìkan níbí dábàá "ẹ̀gbọ́n ìyá". Tó bá wá jẹ́ àbúrò ńkọ́? Àwa là ń ka ọjọ́ orí, lekší ò kà á. Lójú tèmi, ká yá a lò: lékíṣì. Š tiwọn kúkú ni ṣ tiwa. Àbí ẹ̀yin ará Èkìtì ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún arákùnrin ìyá?

Ní ti tiyóšpaye, ìyẹn àwọn ẹbí tó ń gbé pọ̀, "agbo ilé" ò lè gbé e. Agbo ilé ní ògiri, sàréè baba ńlá wà níbẹ̀. Láyé ọjọ́un, tiyóšpaye á ká àgọ́ awọ ẹfọ̀n, wọ́n á dì í sórí igi tí ẹṣin ń wọ́ tuurutu nílẹ̀, wọ́n á tẹ̀lé agbo ẹfọ̀n lọ. Èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀. "Mọ̀lẹ́bí" ni kí ẹ lò.

Uŋčí tí ẹ pè ní ìyá àgbà, ẹ má fọwọ́ kàn án.