Àmì wo ni a fi ń ya àṣetúnṣe nínú flowchart?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ ya flowchart, ìyẹn àwòrán tó ń fi ìgbésẹ̀ iṣẹ́ hàn, fún algorithm (ètò ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé) tí yóò ro nọ́ńbà 1 títí dé 10 pọ̀. Mo mọ̀ pé àmì tó rí bí ẹyin ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ tí a sì fi ń parí, pé parallelogram (onígun mẹ́rin tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan) wà fún ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, pé onígun mẹ́rin gbọọrọ wà fún ìṣirò, àti pé dáyámọ́ńdì wà fún ìpinnu. Kí ni kí n yà fún iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe ní àṣetúnṣe?

Èsì kìíní
Dáyámọ́ńdì àti ọfà tó padà sẹ́yìn ti tó. Ẹ fi 0 sínú S, tí yóò di àròpọ̀ mú, ẹ fi 1 sínú N, tí í ṣe nọ́ńbà tí a fẹ́ rò mọ́ ọn, kí ẹ wá béèrè nínú dáyámọ́ńdì bóyá N kò tíì ju 10 lọ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi N kún S, ẹ fi 1 kún N, kí ọfà sì padà sókè dáyámọ́ńdì náà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ọfà kejì yóò lọ síbi parallelogram tí yóò gbé S jáde, èyí tí í ṣe 55. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìdáhùn sára ọfà méjèèjì, nítorí láìsí i, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ọ̀nà tí yóò gbà.

Èsì kejì
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá gbé dáyámọ́ńdì sí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ìṣirò, èsì yóò ṣì jẹ́ 55. Àmọ́ bí a bá fi 0 rọ́pò 10, tí kò fi sí nọ́ńbà kankan láti rò pọ̀, èyí tó ní dáyámọ́ńdì lókè yóò gbé 0 jáde, èyí tó ní i nísàlẹ̀ yóò sì gbé 1 jáde, torí pé ó ti ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan kó tó béèrè. Mo rọ̀ yín kí ẹ fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ dán an wò kí ẹ tó kọ kóòdù.

Èsì kẹta
Àmì àṣetúnṣe wà nínú ISO 5807 ti ọdún 1985, ìlànà àgbáyé lórí àwọn àmì flowchart. Onígun mẹ́rin méjì ni: a gé igun méjèèjì tó wà lókè èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ àṣetúnṣe, a sì gé igun méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ èyí tó ń parí rẹ̀, orúkọ kan náà ni a ó sì kọ sínú méjèèjì. Síbẹ̀, dáyámọ́ńdì ni èmi yóò yà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, nítorí ó ń jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí iṣẹ́ ti ń padà àti ohun tí yóò dá a dúró.