Ìjíròrò: "VAT ìwọlé" àti "VAT ìjáde" yóò da ìwé ọlọ́jà rú

Olùṣírò owó, Súrùlérè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ẹ ń kọ fún àwọn oníṣòwò Balógun àti Ìdúmọ̀tà. Ẹ ní kí a yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wò lórí VAT, owó tí ìjọba ní kí oníbàárà san lé owó ọjà: "ìdápadà owó-orí" fún VAT return (ìwé ìṣirò VAT tí ọlọ́jà ń kọ ránṣẹ́ sí ìjọba lóṣooṣù), "VAT ìwọlé" fún input VAT, "VAT ìjáde" fún output VAT, àti "ọjà aláìlówó-orí" fún gbogbo ọjà tí oníbàárà kì í san VAT lé lórí. Ìkejì àti ìkẹta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá sí, nítorí ẹni tó bá lò wọ́n bí wọ́n ṣe rí yìí máa jẹ gbèsè.

Lẹ́nu ọlọ́jà, ohun tó ń wọlé, owó ni. Ohun tó ń jáde, owó náà ni. Bí ẹ bá bi í pé "Èló ló wọlé lónìí?", owó tó pa ló máa sọ, kò ní ka páálí ẹrù fún yín. Output VAT ni èyí tó gbà lọ́wọ́ oníbàárà, tó wọ àpò rẹ̀. Input VAT ni èyí tó san fún ẹni tó ta ọjà fún un, tó ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé ẹrù, ọlọ́jà tẹ̀ lé owó, ọ̀nà méjèèjì sì kọjú síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà wò ó. Oníbáàgì kan ra ọjà ₦4,000,000 lóṣù kan, ó san VAT ₦300,000 lé e. Ó ta ọjà ₦5,200,000, ó gba VAT ₦390,000 lé e. Ó máa yọ èyí tó san kúrò nínú èyí tó gbà: ₦90,000 ló yẹ kó san fún ìjọba. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó ń bá a kọ ìwé bá rí "VAT ìwọlé", tó sì kọ ₦390,000 síbẹ̀ torí pé owó tó wọlé nìyẹn, ìṣirò á dojú dé: ìwé á sọ pé ìjọba ló jẹ ọ̀gá rẹ̀ ní ₦90,000. Wọ́n á gbé àṣẹ́kù tí kò sí rárá yìí sọdá sí oṣù tó ń bọ̀, àṣìṣe á máa gbé àṣìṣe pọ̀n, títí ọjọ́ tí àwọn ayẹ̀wéwò máa dé. Wọ́n á gba ojúlówó owó, wọ́n á gba ìtanràn, wọ́n á tún gba èlé.

Àbá mi ni VAT ìtà fún output, VAT ìrà fún input. Kò sí ẹni tó ń ná ọjà l'Ékòó tí kò mọ iye tó rà á yàtọ̀ sí iye tó tà á. Ẹ kàn fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a rà ló ń bí VAT ìrà. Rìsíìtì tó kọ àròpọ̀ owó nìkan, tí kò ya VAT sọ́tọ̀, tí nọ́ńbà owó-orí ẹni tó tajà kò sí lórí rẹ̀, kò ṣeé fi yọ kọ́bọ̀. Irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù ní Balógun.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí ẹ ò kà mọ́ àwọn tí ẹ dá, òun náà ń ná ènìyàn lówó: "nínú". Ẹ kọ ọ́ pé VAT jẹ́ "ìdá 7.5 nínú 100". Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn, ṣùgbọ́n VAT kò sí nínú 100 náà, orí rẹ̀ ló gùn. Ká ní oníbàárà san ₦215,000 tí VAT ti wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé tó bá tẹ̀ lé "nínú" á mú 7.5 nínú 100 lára ₦215,000, á rí ₦16,125. Irọ́ ni. Ẹ pín 215,000 sí 1.075, ẹ ó rí ₦200,000, owó ọjà gan-an nìyẹn. VAT rẹ̀ jẹ́ ₦15,000. ₦1,125 ìyókù, àpò ọlọ́jà ló ti jáde lásán. Ẹ kọ ọ́ pé "₦7.50 lé lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan". Bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti oṣù kejì 2020 tí wọ́n gbé e kúrò ní 5, òfin tuntun ti 2025 kò sì fọwọ́ kàn án.

"Ìdápadà" ńkọ́? Lọ́jà, ìdápadà ni kí a dá owó padà fún oníbàárà tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́. A ṣì nílò ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé yìí kan náà, torí irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa ń dín VAT ìtà kù. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tí kò ta nǹkan kan lóṣù kan á ní, "Kí ni mo fẹ́ dá padà?", á sì jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀, òfin ní kó kọ̀wé wá, ì báà má ta abẹ́rẹ́, kí ó tó kọjá ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e. Lábẹ́ òfin tuntun, ìtanràn oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ₦100,000, ₦50,000 sì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún kọjá. "Ìjábọ̀ VAT" ló bá a mu: ẹni tí kò rí nǹkan kan náà ń jábọ̀. Ẹ má sì pe ti oṣù àìtà ní "ìjábọ̀ òfo" o. Ọlọ́jà wo ló fẹ́ fọwọ́ sí òfo?

"Ọjà aláìlówó-orí" pa nǹkan méjì pọ̀. Oúnjẹ pọ́ńbélé wà lára ọjà tí VAT rẹ̀ jẹ́ òdo: ẹni tó ń tà á kò gba VAT, ṣùgbọ́n ó lè béèrè VAT ìrà tirẹ̀. Ilẹ̀ àti ilé wà lára èyí tí òfin yọ sílẹ̀ pátápátá: ẹni tó ń tà á kò gba VAT, kò sì lè béèrè nǹkan kan. Mo dábàá "ọjà VAT òdo" àti "ọjà àyọsílẹ̀". Ẹ yọ "owó-orí" kúrò níbẹ̀, torí ẹni tó ti san owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ìjọba Èkó ní Aláúsá á rò pé òun ti bọ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ń gba VAT.

Olóòtú ìwé náà, Yábàá:

Àbúrò, o ṣeun. Mo gba ìjábọ̀, mo gba "lé lórí", mo sì ti pa "aláìlówó-orí" rẹ́. VAT ìtà nìkan ni n kò gbà. Orí WhatsApp ni wọ́n á ti máa pín ìwé yìí, àmì ohùn kì í sì í pẹ́ já bọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá rí "VAT ita" láìsí àmì, owó ìta ló máa kà á sí, èyí tí àwọn ọmọ ìta ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń já ẹrù. VAT títà àti VAT rírà ni kí a lò. Bí àmì wọn bọ́, wọn ò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹnìkan dábàá "VAT tí a gbà" àti "VAT tí a san". Ó dùn ún pè, ṣùgbọ́n "tí a san" kò sọ ẹni tí a san án fún, ẹni tó tajà fún wa ni àbí ìjọba, méjèèjì sì wà nínú ìjábọ̀ kan náà.

Iṣẹ́ ló fún mi ní wàhálà díẹ̀, torí a kì í ra iṣẹ́, a máa ń gbé e fún oníṣẹ́ ni. Láti oṣù kìíní 2026, òfin ti gbà kí a yọ VAT orí iṣẹ́ tí wọ́n bá wa ṣe fún òwò wa. Tẹ́lẹ̀, ọjà tí a fẹ́ tún tà àti èròjà tó wọ inú ohun tí a ń ṣe jáde nìkan ni. Nítorí náà, abẹ́ VAT rírà ni mo kọ ọ́ sí pé: "ọjà tí o rà àti iṣẹ́ tí o gbé fún ènìyàn fún òwò rẹ".

Ó ku VAT tí ilé iṣẹ́ ìjọba máa ń yọ kí wọ́n tó sanwó fún ẹni tó tajà fún wọn. Mo ti kọ́kọ́ kọ "VAT àdádúró", ṣùgbọ́n wọn kò dá a dúró, wọ́n ti san án sápò ìjọba lórúkọ ẹni yẹn. Ó ṣì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ VAT títà rẹ̀, kó tó wá yọ ọ́ ní ìlà tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé tirẹ̀ àti tiwọn ò ní bára mu. "VAT àyọsan" ni mo fi sí i báyìí. Bí o bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, fi ránṣẹ́ kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú.