Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé mo lè fi fóònù kàwé yunifásítì láti Kétu?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà, aṣọ ni mò ń rán. Ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí ẹ̀kọ́ girama wa, ṣùgbọ́n owó ilé ní Kútọnu ni kò jẹ́ kí n wọ yunifásítì.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìmẹ̀kọ ní kí n wo NOUN, yunifásítì kan ní Nàìjíríà níbi tí èèyàn ti ń kàwé láti ilé. Ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀; ìjọba tì í ní 1984, kó tó tún ṣí. Èdè ló ń kọ mí lóminú: Faransé ni mo fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ni tiwọn.

Lálẹ́ àná, mo gbé fóònù lé orí máṣíìnì kí n lè wo fídíò ẹ̀kọ́ kan. Ó ń yí róbótó títí dátà 500 faransi tí mo rà sí i fi tán, n ò rí ojú olùkọ́. Ọmọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé kí n kọ́kọ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo lẹ sì ń ráyè kàwé tí aṣọ ọdún bá dé?