Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etíkun ní Lẹ́kkí, kí ni ojú yín ti rí?

Àbẹ̀ní_Ìpájà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyànà Ìpájà ni mò ń gbé, mi ò ní mọ́tò, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi dàgbà ní Èkó láìfi ẹsẹ̀ kan omi òkun. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá mo kó àwọn méjèèjì, ó di etíkun Elégùṣì. Ìyànà Ìpájà sí Ọ̀ṣòdì, Ọ̀ṣòdì sí Ọbaléndé, Ọbaléndé la ti wọ dáńfó Ajáh tó já wa sílẹ̀ ní Ìkátẹ̀, a wá wọ kẹ̀kẹ́ wọlé. Àlọ dùn bí oyin. Ọmọ mi kékeré, ọmọ ọdún márùn-ún, ojú fèrèsé ló wà ní gbogbo orí Third Mainland, ó ń ka ọkọ̀ ojú omi.

Àbọ̀ ló wá di ọ̀ràn. Mo ti pààrọ̀ aṣọ fún un o. Bí mo ṣe yíjú láti di ẹrù ló tún sáré padà sínú omi, ó rin gbingbin. Nígbà tí a fi máa dé etí títì, aago méje alẹ́ ti fẹ́ẹ̀ lù. Kọ̀ńdọ́ àkọ́kọ́ wo ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ìyá, omi ń kán lára ọmọ yín, kò lè jókòó sórí àga wa." Kí n tó la ẹnu, ọkọ̀ ti lọ. Èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta tún fẹ́ kọ̀, ni obìnrin kan tó ń ta ìpékeré níbùdókọ̀ bá dìde. Ó tú ọjà rẹ̀ kúrò nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, ó fi eyín ya náílọ́ọ̀nù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí àga, ó ní, "Ó yá, jókòó, ọkọ mi." Kò bá wa lọ síbì kankan. Kò gba kọ́bọ̀. Ọkọ̀ gbéra, mi ò ráyè bi í lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Kọ́lá_Ajáh
Ẹ máa gbé ìpààrọ̀ aṣọ méjì dání. Ó parí.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú
Kọ́lá, ẹni tí kò tíì kó ọmọ lọ sódò rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ni mo gbé fún àwọn ìbejì mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rin. Àbẹ̀ní, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ní tèmi, BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀, la máa ń wọ̀ láti Ìkòròdú dé TBS (Tafawa Balewa Square), lẹ́yìn náà la máa ń wá dáńfó Ajáh. Káàdì Cowry ni BRT ń gbà, wọn kì í gba owó lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi owó sí i láti alẹ́ Jímọ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Èbìbí 2023, oṣù méjì-méjì la máa ń lọ. Ní báyìí, ọdún Iléyá nìkan ni.

Ọ̀gá_Wíìlì
Ẹ má bínú sí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa dáńfó Ọbaléndé sí Ajáh kí n tó fiṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu awakọ̀. Omi kànga tó bá dà sórí fóòmù, bí oòrùn bá ti pa á, ó tán. Omi òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó gbẹ. Bí ojú ọjọ́ bá ti tutù díẹ̀, àga á tún tutù, á wá máa rùn, irin abẹ́ rẹ̀ á dípẹtà. Lọ́jọ́ Àìkú kan mo kó àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń bọ̀ láti etíkun. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, obìnrin kan tó wọ síkẹ́ẹ̀tì funfun dìde ní Sandfill, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Èmi ni mo san owó ìfọṣọ. Bẹ́ẹ̀, ọlọ́kọ̀ ń retí owó rẹ̀ lálẹ́, agbèrò sì ń gba tirẹ̀ ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ńdọ́ yẹn kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà á.

Táyé_Òkòkó
Fóòmù? Nínú dáńfó? Èyí tí mo wọ̀ láàárọ̀ yìí, pákó gbalaja ni, orí ìṣó sì yọ lára rẹ̀.

Ọ̀gá_Wíìlì
Tìẹ nìyẹn. Tèmi ní fóòmù, owó ara mi ni mo fi ra rẹ́síìnì bò ó.

Táyé_Òkòkó
Ẹ̀gbọ́n, tí rẹ́síìnì bá bò ó, ibo ni omi gbà wọlé?

Ọ̀gá_Wíìlì
Ojú ìránsọ. Lọ da omi sórí àga tí wọ́n ran, kí o padà wá sọ fún mi.

Àbẹ̀ní_Ìpájà
Mo gbọ́ yín, Ọ̀gá, mi ò sì mọ ti iyọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún ni, òtútù sì ti ń gbọ̀n ọ́n. Kí wọ́n ní kí n gbé e lé ẹsẹ̀ mi, ṣebí ìyẹn náà ì bá tó.

Ọ̀gá_Wíìlì
Òótọ́ ni. Ìyẹn lèmi ì bá sọ fún yín. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Dúpẹ́_Festac
Ẹ tún ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ "Ìkátẹ̀" yẹn o. Ìkátẹ̀ méjì ló wà ní Èkó. Àbúrò mi sọ̀kalẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, ó béèrè bọ́ọ̀sì Ìkátẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Ìkátẹ̀ ti Sùúrùlérè. Ó pè mí, ó ní òun ò rí òkun, ilé ẹlẹ́ran nìkan lòun ń rí. A ti wà lórí iyanrìn láti aago mọ́kànlá, aago mẹ́ta kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kọ́lá_Ajáh
😂😂 Ilé ẹlẹ́ran!

Ọmọ_Ìkátẹ̀Ilé
Ẹ sọ pé "Ìkátẹ̀ Lẹ́kkí" ni. Elégùṣì ni oyè kábíyèsí wa, Ìkátẹ̀ ni ìlú. Inú mi kì í dùn tí èèyàn bá rò pé orúkọ ibi fàájì lásán ni Elégùṣì. Ìlú àwọn apẹja ni ibẹ̀ kó tó di ibi tí wọ́n ń gbà tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá_Ìsàlẹ̀Èkó
O ṣeun, ọmọ mi. Ní ìgbà tiwa, Bar Beach la mọ̀. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó, a ó gba Oníkan, a ó gun orí afárá sí Victoria Island, ẹsẹ̀ lásán. Kò sí owó ẹnu ọ̀nà. Àwọn aláṣọ funfun á máa gbàdúrà, abẹ́là á máa jó nínú iyanrìn, àwọn ẹlẹ́ṣin á máa gbé àwọn ọmọdé gun ẹṣin kiri. Èyí tó bá wá láti òkè Èkó á wọ mọ́lúè dé CMS. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ fi omi òkun bọ́jú, iyanrìn ni wọ́n kó dí i, orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic sí. Kò sí bọ́ọ̀sì tó lè gbé mi dé ibẹ̀ mọ́.

Títí_Yábàá
Bàbá, ẹ kú àfaradà. Ti etíkun Landmark ló ń dun èmi ní tèmi, wọ́n wó o ní 2024 nítorí ọ̀nà etíkun tó ń lọ sí Calabar. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ọjọ́ ìbí ọgbọ̀n ọdún mi.

Bọ́sẹ̀_Ṣómólú
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọbaléndé sí Ìkátẹ̀, ẹgbẹ̀ta náírà lọ́jọ́ náà. Mo fún kọ̀ńdọ́ ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń lọ sí Jakande náà fún un ní ẹgbẹ̀rún kan. Kọ̀ńdọ́ kò ní ṣéńjì. Ó ju ẹgbẹ̀rin náírà sọ́wọ́ mi, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta kan àti ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, ó ní "ẹ̀yin méjèèjì ni." Ẹ bá mi ṣírò ó: irínwó irínwó ni, kò sì ṣe é pín àfi tí a bá rí ọgọ́rùn-ún kan sí i. Mo fẹ́ fún ọkùnrin náà ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó kọ̀, ó ní òun ò ní rẹ́ mi jẹ. Mo ní kó gba ọ̀ọ́dúnrún ńkọ́, ó ní òun náà kò ní jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ! Ó bá mi sọ̀kalẹ̀ ní Ìkátẹ̀. A rìn dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà, ẹlẹ́pà ní ká rà kó tó ṣẹ́ owó. A ra ẹ̀pà ọgọ́rùn-ún méjì, a pín in. Èmi ni mo san owó ọkọ̀ rẹ̀ dé Jakande, torí pé nítorí mi ló ṣe sọ̀kalẹ̀.

Dúpẹ́_Festac
Bọ́sẹ̀, ṣé ó gba nọ́ńbà?

Bọ́sẹ̀_Ṣómólú
Rárá o. Ẹ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń kánjú lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Kọ́lá_Ajáh
Ẹ máa fi táńsífà san án. Ọ̀pọ̀ kọ̀ńdọ́ ló ń gbà á báyìí.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú
Kọ́lá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? Mo ti ṣe é rí. Álẹ́ẹ̀tì kò wọlé, kọ̀ńdọ́ dì mí ní aṣọ mú ní ibùdókọ̀ Marwa, gbogbo ọkọ̀ ń wò mí bí olè. Owó wọlé nígbà tí mo dé ilé. Owó lọ́wọ́, kó sì jẹ́ wẹ́wẹ́.

Táyé_Òkòkó
Kí gbogbo yín máa lọ sí etíkun Tarkwa Bay. Ọkọ̀ ojú omi ni, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà nítorí aṣọ tútù.

Títí_Yábàá
Ẹni tí kò mọ omi ín wẹ̀ ńkọ́? Èmi ò gun ọkọ̀ yẹn.

Fẹ́mi_Ọ̀gbà
Tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀sì lẹ máa wọ̀ àti ọmọ, Lekki Conservation Centre, ọgbà igbó àti ẹranko, ló rọrùn jù. Ẹ sọ fún kọ̀ńdọ́ pé "Chevron", ó tán, òdìkejì ọ́fíìsì Chevron gan-an ni, kò sí kẹ̀kẹ́ wíwọ̀. Ọ̀nà orí igi tí ó wà níbẹ̀, 401 mítà ni gígùn rẹ̀, ó ń mì tìtì bí èèyàn bá ń rìn. Ẹ kàn fi oúnjẹ pamọ́ nítorí àwọn ọ̀bọ, ọ̀kan já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó jókòó sórí ẹ̀ka, ó ń bó bébà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn. Láti oṣù Okúdù 2022 tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní Etí-Ọ̀sà, ibi tí bọ́ọ̀sì bá lè já mi sí lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni mò ń kó ọmọdé lọ.

Rónkẹ́_Mushin
Ti alẹ́ lẹ kò tíì sọ. Tí aago mẹ́jọ bá ti lù lọ́jọ́ Àìkú, owó ọkọ̀ á di ìlọ́po méjì ní Ìkátẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ọkọ̀ kan dúró fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Èrò mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sì sí kọ̀ńdọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Mo fa báàgì rẹ̀ padà. A dúró fún wákàtí kan gbáko kí á tó rí òmíràn. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò sì fẹ́ mọ̀.

Ọ̀gá_Wíìlì
O ṣe é re, àbúrò. Ọkọ̀ tí kò bá ké orúkọ ibi tó ń lọ, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ọmọ_Ìkátẹ̀Ilé
Àbẹ̀ní, obìnrin tó ta ìpékeré yẹn, ṣé ọ̀nà tó ń padà sí Ọbaléndé ló wà? Ó máa ń gbé àga ike aláwọ̀ búlúù?

Àbẹ̀ní_Ìpájà
Ẹ̀gbẹ́ Ọbaléndé ni! Àga kò hàn sí mi, ilẹ̀ ti ṣú. Ó ga, ó sì dúdú, ohùn rẹ̀ dà bíi ti àwọn ará Ìjẹ̀bú.

Ọmọ_Ìkátẹ̀Ilé
Ó jọ ẹni tí mo mọ̀. Màá gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́rú. Kí ni kí n sọ fún un?

Àbẹ̀ní_Ìpájà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé ọmọ náà kò jẹ́ kí n sọ náílọ́ọ̀nù rẹ̀ nù. Ó ti fi kó àwọn ìkarahun tó ṣà wálé, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé e sí. Ẹ sọ fún un pé a máa padà wá ra ìpékeré.

Káyọ̀dé_Àgége
Ẹ̀yin ará ilé, èló ni Ọ̀ṣòdì sí Ọbaléndé báyìí? Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ ní Sátidé.