Iṣẹ́ kánsù àti ilé: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ń rí ìsinmi gbà

Láti ẹ̀ka owó ọjà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará kánsù. Ẹni tó bá rò pé aago mẹ́jọ sí mẹ́rin, Mọ́ńdè sí Fúráìdé, ni iṣẹ́ wa, kò tíì gba owó ìsọ̀ rí. Ọjà ìbílẹ̀ kò mọ Sátidé, kò mọ Sọ́ńdè. Àmọ́ ó ní ìṣirò tó ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ò ní ká a mọ́ ibi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀.

Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, ẹ ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá bọ́ sí Mọ́ńdè, Fúráìdé ló kàn, lẹ́yìn náà Túsìdé, Sátidé, Wẹ́sìdé, Sọ́ńdè, Tọ́sìdé, kó tó padà sí Mọ́ńdè. Ọjọ́ 28 ló fi ń yípo, Sátidé kan àti Sọ́ńdè kan péré ló sì wà nínú rẹ̀. Ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án ní tiẹ̀ ń sún ọjọ́ kan síwájú: Mọ́ńdè lọ́sẹ̀ yìí, Túsìdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ 56 ló fi ń yípo. Láti oṣù kìíní ni kí ẹ ti gbé kàlẹ́ńdà, kí ẹ fi bírò pupa yí gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè ọjà ká, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa fi sinmi dípò wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan lé olórí ẹ̀ka lọ́wọ́. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ọjà tú kí ẹ tó béèrè, "Ọlọ́run á san yín lẹ́san" lẹ máa gbà lọ sílé.

Ibòmíràn tí àsìkò ń bá lọ ni ìṣirò owó nírọ̀lẹ́. Bí tíkẹ́ẹ̀tì tó ti já àti owó ọwọ́ ò bá dọ́gba, ilẹ̀ á ṣú mọ́ yín ní kánsù. Bí ẹ bá ti ń kúrò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà ẹlẹ́ran, ìlà aláṣọ, ìlà onígàrí, ẹ kọ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ẹ parí sí. Ibi tí àṣìṣe ti wáyé gan-an lẹ máa rí i, kí ẹ tó da owó sórí tábìlì kàṣíà.

Láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ti líìfù, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ni kí n mú wá. Nínú òfin iṣẹ́ ọba ti ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele owó oṣù 07 sókè ní ọjọ́ 30 lọ́dún, 04 sí 06 ní 21, 03 sísàlẹ̀ ní 14. Ọjọ́ méje mìíràn wà fún ohun pàjáwìrì, àmọ́ ó dìgbà tí líìfù ọdún bá tán. Ẹ wo ti ìpínlẹ̀ yín mọ́ ọn.

Àṣẹ ẹnu ló ń ba líìfù jẹ́. Olórí ẹ̀ka ní "máa lọ", ẹ sì lọ. Kí ẹ tó dé, wọ́n ti gbé e lọ sí kánsù mìíràn, àwọn tó ń yẹ òṣìṣẹ́ wò sì dé, kò sí ẹni tó máa dáhùn sí orúkọ yín. Wọ́n á kà yín mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò sí, owó oṣù á dúró. Ẹ kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí tiyín. Ẹ dúró gba ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹ kọ iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ fún ẹni tó máa di àyè yín mú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé padà, ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ ti dé; èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò, tí fáìlì á fi máa sọ pé ẹ ò tíì ti líìfù bọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, òfin yẹn kan náà fún yín ní wákàtí méjì lójúmọ́ láti fi tọ́jú ọmọ, fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá ti ìsinmi ìbímọ dé. Ẹ béèrè rẹ̀ lórí ìwé o. Bí ẹ bá kàn ń lọ láago méjì, rẹ́jísítà á sọ yín di ẹni tó ń sá níbi iṣẹ́, kúẹ́rì, ìwé tí wọ́n fi ń ní kí ẹ wá wí tẹnu yín, á sì dé.

Láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé:

Lọ́dọ̀ tiwa, yìnyín ló ń sọ ìgbà tí èèyàn máa délé. Inú ìwọ̀n digirì 2 sí 8 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń wà. Bí àpò yìnyín ò bá dì mọ́jú, aago mọ́kànlá lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra lọ abúlé. Bó bá sì dì, ẹ má tíì kó o sínú kúlà tí ẹ fi ń gbé abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀: ẹ jẹ́ kó wà níta títí ẹ ó fi máa gbọ́ omi nínú rẹ̀ bí ẹ bá mì í, torí dídì ń ba àwọn abẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńtà, èyí tó ń dènà àrùn márùn-ún, jẹ́.

Ẹni tó lọ abúlé láàárọ̀, ẹ má kọ ọ́ sí ṣíìfù ọ̀sán. Abẹ́rẹ́ tí wọn ò tíì ṣí ṣì máa padà sí fíríìjì, ìwé ìṣirò náà á wọlé. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ ṣíìfù, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí rọ́sítà. Ti WhatsApp nìkan kò tó. Bí ẹnìkejì ò bá wá, orúkọ tó wà lára ògiri ni wọ́n máa mú.

Láti ọ́fíìsì òṣìṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan sí i:

Àbúrò tó ń béèrè bí wọ́n ṣe lè gbé òun súnmọ́ ọkọ: kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, so ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ ọkọ mọ́ ọn. Ọwọ́ olórí ẹ̀ka ni kó kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà olórí òṣìṣẹ́ kánsù. Bó o bá gbé e lọ bá ìgbìmọ̀ yẹn fúnra rẹ, wọ́n á dá a padà.